Ẹni Tó Gbẹ́ Ilẹ̀ Bàbá Wa

Iṣu tí wọ́n gbé wá fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ọmọ mi kò tíì kúrò lórí ẹní tí àbúrò bàbá mi fi ní kí wọ́n gbé e padà. Mo lè fi rẹ́rìn-ín báyìí. Lọ́jọ́ náà, kò pa mí lẹ́rìn-ín rárá.

Ní pálọ̀ wa ní Ìkàrẹ́ ni. Àbúrò bàbá mi ni olórí ẹbí wa. Ọ̀kà ló ń gbé, ní ilé tí wọ́n bí bàbá mi sí, nísàlẹ̀ òkè. Ó jí wọ mọ́tò wá ní kùtùkùtù nítorí àkọ́bí mi obìnrin, tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n jọ kàwé ní yunifásítì Àkùngbá fẹ́ fi ṣaya. Ìdílé ọmọkùnrin náà kì í ṣe àjèjì sí wa. Ìkàrẹ́ ni wọ́n ń gbé, pákó ni wọ́n ń tà, mọ́ṣáláṣí kan náà ni ọkọ mi àti bàbá rẹ̀ ti ń kírun Jímọ́ọ̀. Ará Ìkàrẹ́ la mọ̀ wọ́n sí. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n pé níbo ni wọ́n wà kí wọ́n tó dé Ìkàrẹ́.

Ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọkùnrin náà ló ń gbẹnu sọ fún wọn, ọkùnrin sísanra kan tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ ohun tó fẹ́ fi pa wá lẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn tí wọ́n kí wa tán, ó ní:

"Ẹ má wò wá bí àlejò o. A gbọ́ pé Ọ̀kà ni ìyá ìyàwó wa ti wá. Ọ̀kà ni bàbá bàbá tiwa náà ti wá! Ìsàlẹ̀ òkè, ilé tí àpáta pẹlẹbẹ wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Nígbà tí òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí ẹ̀rù ń ba gbogbo ayé láti sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, ọkùnrin méjì péré ló sọ̀ kalẹ̀. Bàbá kan ni, àti bàbá bàbá wa. Nígbà tí bàbá náà sì kú, bàbá bàbá wa ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n sin ín sí. Nínú àpáta o! Irin méjì ló kán mọ́ ọn lọ́wọ́."

Àwọn ènìyàn rẹ̀ pàtẹ́wọ́. Àbúrò bàbá mi gbé obì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ padà sínú àwo.

"Ilé tí àpáta pẹlẹbẹ wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀," ó ní, "ilé mi ni."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ẹ ò rí i pé ilé la wá?"

"Ẹ wá sílé lóòótọ́. Ẹ̀yin lẹ̀ka tó lọ sí Ìkàrẹ́. Ọmọ bàbá kan ni wá, a kì í sì í fẹ́ ara wa. Ẹ gbé iṣu yín."

Àbúrò ọkọ mi kan rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà àna ni. Nígbà tó rí i pé òun nìkan ló ń rẹ́rìn-ín, ó dákẹ́. Mo wo ojú ọmọ mi. Ó wo ọmọkùnrin náà, ó sì yára gbé ojú kúrò lára rẹ̀, bí ẹni tó fọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná.

Ó yẹ kí n sọ ohun tí gbogbo ọmọ ilé wa mọ̀ nípa ìsọ̀kalẹ̀ yẹn. Láyé ogun Tápà, orí òkè ni àwọn ará Ọ̀kà ń gbé. Oko wọn wà nísàlẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó jẹ́ sùn síbẹ̀. Nígbà tí ìjọba òyìnbó dé, ìránṣẹ́ wọn gun òkè wá, ó ní ogun ti parí, kí àwọn ènìyàn sọ̀ kalẹ̀ síbi tí ọ̀nà lè dé. Àwọn àgbà ní àwọn ti gbọ́. Kò sẹ́ni tó mira.

Bàbá tó bí bàbá bàbá mi ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ní ilé tó wà lórí òkè ti há mọ́ ọn débi pé kò lè na ẹsẹ̀ tó bá sùn. Ó ru ọlọ ìyàwó rẹ̀ lérí, ó kó àwọn ará ilé rẹ̀, ó sì lọ pa àgọ́ ẹlẹ́wé sí ẹ̀gbẹ́ àpáta pẹlẹbẹ yẹn. Ọkùnrin kan tí kò tó o lọ́jọ́ orí bá a lọ. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, àwọn tó kù lórí òkè á jáde sétí òkúta, wọ́n á kígbe sí wọn pé, "Ẹran Tápà! Ṣé wọn ò tíì kó yín?" Bàbá náà á sì dáhùn láti ìsàlẹ̀ pé, "Wọn ò tíì dé o! Ẹ bá wa se ọbẹ̀ dè wọ́n!" Àwọn méjèèjì ṣán igbó, wọ́n fi iná lé ẹkùn, wọ́n kọ́ ilé alámọ̀. Nígbà tó yá, àwọn tó ń pè wọ́n ní ẹran Tápà bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan wá tọrọ ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Lẹ́yìn náà ni owó orí dé. Akọ̀wé ìjọba ń ka àwọn ọkùnrin ilé kọ̀ọ̀kan, ó sì bi bàbá náà pé ta ni ọkùnrin kejì yìí. Bàbá náà ní, "Ọmọ mi ni. Àkọ́bí mi." Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ilé ti ń kà á sí ọmọ. Ọmọ ọkùnrin náà ló wá lọ gbé ní Ìkàrẹ́ lẹ́yìn ọdún púpọ̀, tí a kò fi rí wọn mọ́. Ibi tí ìtàn náà parí sí nìyẹn. Àkọ́bí ni. Ta ló tún máa bèèrè?

Ọkọ mi mú àfáà mọ́ṣáláṣí wa lọ bá àbúrò bàbá mi ní Ọ̀kà. Àfáà ní ìbátan tó jìnnà tó báyìí, ẹ̀sìn kò sọ ọ́ di hàráámù. Yìgì lè so. Àbúrò bàbá mi náà ń kírun. Ó gbọ́ ọ tán, ó dúpẹ́, ó ní, "Àfáà, ẹ̀sìn gbà á. Ilé ni kò gbà á. Lọ́jọ́ ìkómọ, ta ló máa jẹ́ ará ilé, ta ló máa jẹ́ àna?" Àfáà mu omi rẹ̀ tán, wọ́n padà sí Ìkàrẹ́.

Ọmọ mi kò sunkún lójú wa. Ńṣe ló ń fọ aṣọ tó mọ́. Ó fọ kọ́tìnì pálọ̀, ó gbẹ, ó tún fọ ọ́. Fóònù rẹ̀ á máa dún, kò ní gbé e. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí mò ń gé ilá, ó wá dúró sẹ́yìn mi.

"Mọ́mì, ṣé ẹ̀gbọ́n mi ni mo ti ń bá sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yìí?"

"N kò tíì mọ̀."

"Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, mi ò ní fẹ́ ẹ. Mi ò ní bá ilé wa jà. Àmọ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n dájú kí ẹ tó wá sọ fún mi."

Aṣọ ni mò ń rán. N kì í fi ojú wọn aṣọ oníbàárà, bó ti wù kó pẹ́ tó ti ń wá sọ́dọ̀ mi. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ mi sọ yẹn, bí mo ṣe fẹ́ kí wọ́n máa bá mi sọ̀rọ̀ ni. Mo pa ṣọ́ọ̀bù tì, mo bẹ̀rẹ̀ sí rìn láàárín àwọn àgbà ẹbí wa, ní Ìkàrẹ́, ní Àkùngbá, ní Ọ̀kà. Ìbéèrè mi kò pọ̀. Ọkùnrin kejì yìí, ọmọ ta ni? Gbogbo wọn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: ọmọ bàbá ni. Ta wá ni ìyá rẹ̀? Ibẹ̀ ni gbogbo wọn ń dákẹ́ sí.

Ìyàwó méjì ni bàbá náà ní. Nílé wa, ìdí ìyá la fi ń ka ọmọ. Ẹni tí kò lè ka ohunkóhun mìíràn lè ka ìyẹn: ìyálé bí báyìí, ìyàwó kékeré bí báyìí. Mo ka àwọn méjèèjì tán lọ́dọ̀ ẹni tó ju mẹ́ta lọ, kò sẹ́ni tó fi ọkùnrin náà sídìí ìyá kankan. Bàbá kan ní Àkùngbá ní bóyá ìyá rẹ̀ ti kú sórí òkè. Mo bi í pé ṣé wọ́n sọ fún un ni. Ó ní rárá, òun kàn fẹ́ ràn mí lọ́wọ́ ni.

Mo wá fẹ́ gbàgbọ́ pé kì í ṣe ọmọ bàbá, àmọ́ fífẹ́ kọ́ ni mímọ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ àwọn àgbà kò lè so yìgì.

Ọkọ mi ló sọ ọ̀rọ̀ náà, kò sì mọ̀ pé òun sọ nǹkan kan. A ń jẹun ọ̀sán. Ó fẹ́ kí n rẹ́rìn-ín, ló bá ń sín ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọkùnrin yẹn jẹ, bó ṣe ń fẹ àyà: "'Nínú àpáta o! Irin méjì!' Ṣé òun nìkan ni? Èmi tí mo gbẹ́ ti bàbá rẹ ńkọ́? Ta ló pàtẹ́wọ́ fún mi?"

Òótọ́ ni. Nígbà tí bàbá mi kú, ní Ọ̀kà la sin ín, ọjọ́ náà gan-an, wọ́n sì fẹ́ kí ó wọlẹ̀ kí ìrun Aláásàrí tó tó. Ilẹ̀ náà le bí irin. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin rí i pé ọjọ́ ń lọ, ó bọ́ agbádá, ó gbé dígà. Kò tíì sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tí àwọn àgbà fi já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n ń pariwo lé e lórí bí ẹni pé ó fẹ́ jalè. Ọkọ mi ni wọ́n gbé e fún. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bó, mo ń fi àdí pa á ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn.

Mo fi òkèlè sílẹ̀. "Kí ló dé tí wọn ò jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi gbẹ́ ẹ?"

"Ìwọ náà, ìyá wọn. Ọmọ ẹni ń gbẹ́ ilẹ̀ bàbá rẹ̀? Èèwọ̀ ilé yín ni. Àna ló ń..."

Òun náà fi òkèlè tirẹ̀ sílẹ̀. Àwa méjèèjì wo ara wa. Gbogbo ìdílé yẹn ti ń fi iṣẹ́ ọwọ́ bàbá bàbá wọn yangàn láti ìrandíran, wọ́n fi yangàn ní pálọ̀ wa, níwájú olórí ẹbí wa, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọmọ kò lè gbẹ́ ilẹ̀ yẹn. Mo fẹ́ dìde kí n lọ pe ọmọ mi. Ọkọ mi dì mí lọ́wọ́ mú.

"Dúró ná," ó ní. "Tó bá jẹ́ àna ni, ọmọ ta ló fẹ́?"

Mo tún jókòó. Tí ọkùnrin náà bá fẹ́ ọmọ bàbá ńlá wa, tí ó sì bímọ, ọ̀nà ìyá ni ẹ̀jẹ̀ wa fi wọ inú ilé wọn. Ìbátan náà ni. Ọ̀nà tó gbà wọlé nìkan ló yí padà.

Ẹnì kan ṣoṣo ló kù láyé tó mọ ọjọ́ ìsìnkú bàbá ńlá wa yẹn: ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá àgbà. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó sì ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Ìwàrò. N kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ní èmi nìkan, kí wọ́n má bàa ní mo fi tèmi kún un. Mo bẹ àbúrò bàbá mi kí ó wá, mo sì bẹ ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọkùnrin náà kí ó bá mi lọ láti Ìkàrẹ́. Kò rẹ́rìn-ín rárá nínú mọ́tò.

Ìyá àgbà jókòó sórí àpótí lẹ́yìn ilé, ó ń ṣa ẹ̀gúsí. Èdè Ọ̀kà ló fi bá wa sọ̀rọ̀. Èyí tí gbogbo wa lè kà ni mo fi kọ ọ́ síbí. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo bi í bóyá ó ti gbọ́njú nígbà tí bàbá tó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ kú.

"Mo gbọ́njú tó láti sunkún irun mi. Wọ́n fá gbogbo ọmọ àti ọmọ-ọmọ lórí kodoro. Irun mi pọ̀ nígbà yẹn, kì í ṣe èyí." Ó ṣí gèlè rẹ̀ hàn wá.

"Wọ́n fá orí ọkùnrin kejì náà?"

"Ta ló máa fá a? Inú kòtò ló wà. Òun ló ń gbẹ́ ilẹ̀."

Àbúrò bàbá mi gbé orí sókè. "Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ sọ yẹn? Ọmọ ń gbẹ́ ilẹ̀ bàbá rẹ̀?"

"Ta ló pè é lọ́mọ?"

"Gbogbo ilé!"

"Bàbá pè é lọ́mọ fún akọ̀wé òyìnbó. Ṣé akọ̀wé lẹ̀yin náà ni? Àna ni."

Ọ̀rọ̀ tí mò ń bẹ̀rù nìyẹn. Mo bi í pé, "Ṣé ó fẹ́ ọmọ bàbá ni?"

"Wọ́n fi ọmọ fún un. Àǹtí mi ni, àbúrò bàbá tó bí wa."

Ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọkùnrin náà ń wo ilẹ̀. Ìyá àgbà bèèrè omi, ó mu ún díẹ̀díẹ̀, ó gbé ife sílẹ̀.

"Wọ́n fi fún un," ó ní. "Àǹtí mi kò gbà."

Ó wá sọ ọ́ fún wa. Orí òkè ni wọ́n ti fi ọmọbìnrin náà fún ọkùnrin yìí, ó sì ti ń ṣe iṣẹ́ àna nínú oko bàbá rẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Ìdí tó fi bá bàbá sọ̀ kalẹ̀ nìyẹn. Àna kì í dúró sókè kí ó máa wo bàbá ìyàwó rẹ̀ nínú igbó. Nínú àgọ́ ẹlẹ́wé yẹn, ẹní ni wọ́n fi là á láàárín. Ọkùnrin náà sùn sí apá kan, bàbá àti àwọn ọmọ rẹ̀ sùn sí èkejì.

"Ó ń hanrun," Ìyá àgbà ní. "Àǹtí mi ní ẹkùn tó ń bú níta, wọ́n fi iná lé e. Èyí tó ń bú nínú ilé ńkọ́, ta ni yóò lé e? Ó sá gun òkè padà. Ọkùnrin ará Ìwàrò níbí ló fẹ́, kò sì sùn nítòsí ọkùnrin tó ń hanrun yẹn títí ó fi kú."

Àbúrò bàbá mi bo ẹnu. Ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọkùnrin náà ní, "Ẹ gbà mí! Ìdílé wa ni. Gbogbo wa là ń hanrun."

Bàbá ńlá wa kò rí ojú gbé e. Kò ní ọmọbìnrin mìíràn tó lè fi dípò. Ó ní kí ọkùnrin náà sọ ohun tó fẹ́ gbà fún iṣẹ́ rẹ̀ kó sì máa lọ. Ọkùnrin náà ní, níbo ni kí òun lọ? Igbó tí òun ṣán ni òun dúró lé. Bàbá bá lọ sí Ògbàgì, ó fi iṣu tirẹ̀ tọrọ ìyàwó fún un níbẹ̀. Ìgbà tí akọ̀wé wá dé, tó ń bèèrè ta ni èyí, kí ni kí bàbá sọ? Àna tí a kò fún níyàwó? Ó ní ọmọ òun ni.

"Ìgbà tí bàbá kú," Ìyá àgbà ní, "ọkọ àǹtí mi wá láti Ìwàrò pẹ̀lú irin rẹ̀, nítorí òun ló yẹ kó gbẹ́ ilẹ̀. Ọkùnrin yìí gba irin náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní láti orí òkè lòun ti ń ṣe iṣẹ́ àna yìí bọ̀, kò sẹ́ni tó máa bá òun parí rẹ̀. Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi."

Àbúrò bàbá mi yíjú sí ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọkùnrin náà. "Ìyàwó Ògbàgì yẹn nìkan ló fẹ́?"

"Òun nìkan. Nígbà tí ìyá náà kú, àwọn ará Ògbàgì ló gbé aṣọ wá bò ó. Èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ wọn. Bàbá bàbá wa kò fẹ́ ìyàwó kejì láéláé. A máa ń sọ pé ìfẹ́ ni. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń bà á."

"Ìyá àgbà," mo ní, "kí ló dé tí ẹ kò sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí?"

"Ẹ ń ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ní Ìkàrẹ́, ẹ ò pè mí. Ta ló bi mí?"

Àbúrò bàbá mi tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ní ṣùgbọ́n a ti ń pe ara wa lọ́mọ bàbá kan, ó ti pẹ́ jù, kí ni ayé máa sọ? Ìyá àgbà padà sídìí ẹ̀gúsí rẹ̀.

"Bàbá yín jẹ ọkùnrin yẹn ní ìyàwó kan," ó ní. "Ó ti ń dúró láti ìgbà tí òyìnbó ṣì ń gun ẹṣin wá. Ẹ fún un, kó lọ sinmi."

Ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú èèpo ẹ̀gúsí, tòun ti agbádá funfun rẹ̀. Àbúrò bàbá mi wò ó títí, ó wá ní, "Ẹ dìde. Iṣu yẹn dà? Ẹ má sọ fún mi pé ẹ ti jẹ ẹ́."

"A ti jẹ díẹ̀, àna wa."

"Ẹ máa ra òmíràn nìyẹn."

Nígbà tí mo dé Ìkàrẹ́, ọmọ mi wà lẹ́yìn ilé, ó ń sá kọ́tìnì. Ó rí mi, kò bèèrè nǹkan kan. Ó kàn di okùn aṣọ mú, ó ń dúró. Mo sọ fún un pé kì í ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo ní ó dájú, mo sì sọ ohun tó mú un dájú, láti orí ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ dé orí obìnrin tó sá gun òkè. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìjá mi lẹ́nu. Ó wá jókòó sórí báàfù tó dojú dé, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Mo rò pé ẹkún ni, àfi ìgbà tó gbé ojú sókè.

"Mọ́mì," ó ní, "ṣé ẹ rò pé òun náà ń hanrun?"

Mo ní ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ti jẹ́rìí pé gbogbo wọn ni.

Ó wọlé lọ bu oúnjẹ. Mo gbọ́ tí fóònù dún, mo sì gbọ́ tó gbé e.